Bí hamster ọmọ yín bá lóyún láìròtẹ́lẹ̀

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń gbé ìlú ọba, tí ọmọ fi ẹkún gba hamster, irú eku kékeré tí wọ́n ń sìn nínú ilé, lọ́wọ́ yín, ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Ẹran náà lè ti lóyún kí ẹ tó gbé e kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Abo tó jẹ́ ọmọ ọ̀sẹ̀ 4 sí 5 péré ti lè gboyún. Bí ẹni tó ń tà wọ́n bá wá ṣi akọ mú fún abo, tó kó wọn pọ̀ sínú àpótí kan, ó parí nìyẹn. Bó ṣe rí fún wa ní Woolwich ní London nìyẹn. Owó eku kan ni mo san, agbo eku ni mo gbé wálé. Àwọn ọmọ mi ti sọ ọ́ ní Dòdò nítorí àwọ̀ rẹ̀, èmi tí mi ò sì fẹ́ fojú rí eku ni mo wá di agbẹ̀bí.

Agbẹ̀bí tí kì í fọwọ́ kan nǹkan kan ni o. Kí ẹ pèsè sílẹ̀, kí ẹ sì fi ìyá ọmọ sílẹ̀ jẹ́ẹ́, iṣẹ́ ibẹ̀ kò ju ìyẹn lọ títí di ìgbà tí àwọn ọmọ bá ń lọ sí oṣù kan. Ìgbà yẹn gan-an ni wàhálà dé.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí bí ẹ ṣe máa mọ̀. Oyún hamster Síríà, ìyẹn èyí tó tóbi tó sì gbọ́dọ̀ máa dá gbé, kì í ju ọjọ́ 16 sí 18 lọ. Kì í tètè hàn. Ìgbà tó bá ku ọjọ́ díẹ̀ ni ẹ máa wò ó látòkè tí ẹ máa rí i pé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì ti yọ síta, tí orí ọmú sì ti hàn láàárín irun ikùn. Á máa kó oúnjẹ pamọ́ bí ẹni tó gbọ́ pé ogun ń bọ̀, á máa fa bébà ya, ọmọ tó ń gbé e lọ́wọ́ lánàá á sì rí i pé ó fẹ́ gé òun jẹ lónìí. Àmọ́ bó bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ 3 tó ti ń dá gbé lọ́dọ̀ yín, tí ikùn rẹ̀ wá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wú, ẹ má pè é lóyún. Ilé ọmọ tó gbọgbẹ́ tó sì kún fún ọyún máa ń wú bẹ́ẹ̀. Dókítà ẹranko ló kàn, pàápàá bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ lábẹ́ ìrù rẹ̀. Ohun funfun kan wà tó nípọn, tó ń rùn, tó máa ń jáde lára abo tí kò lóyún ní ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin. Ìyẹn kì í ṣe àìsàn, bí ara rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ ni.

Gbàrà tí ẹ bá ti fura, ẹ palẹ̀ ilé rẹ̀ mọ́, nítorí bó bá ti bímọ, ẹ ò ní lè palẹ̀ ibẹ̀ mọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ tẹ́ bébà wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń tà fún wọn kó jinlẹ̀ dáadáa, kí ẹ wá já tíṣù funfun tí kò lóòórùn sínú rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ á ṣe ìtẹ́ rẹ̀. Òwú rírọ̀ tí wọ́n ń pè ní ibùsùn hamster, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á. Ó máa ń wé mọ́ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ débi tí ẹ̀jẹ̀ ò ní lè gba ibẹ̀ kọjá, bí ìyá bá sì gbé e mì, ó lè dí i nífun. Ẹ yọ pẹpẹ òkè àti àkàbà kúrò kí ọmọ má baà já bọ́. Bó bá jẹ́ ilé onírin ló ń gbé, ẹ wo àlàfo àárín irin: ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn lè gba ibẹ̀ jáde. Nítorí ìyẹn la ṣe kó Dòdò sínú àpótí oníke ńlá kan kó tó bí. Bàbá àwọn ọmọ gé ojú ìdérí rẹ̀, ó sì fi àwọ̀n irin dí i kí atẹ́gùn lè máa wọlé.

Ibi tó dákẹ́ ni kí ẹ gbé e sí, kó má sún mọ́ ẹ̀rọ ìfọṣọ, kó má sún mọ́ hítà, kó má sì sí lójú fèrèsé. Pálọ̀ tiwa kò ṣeé gbé abiyamọ sí, tẹlifíṣọ̀n lọ́sàn-án, àdúrà lóru, nítorí náà igun yàrá mi ló dé sí. Bí akọ bá wà pẹ̀lú rẹ̀, ẹ mú akọ kúrò lónìí. Àwọn hamster kéékèèké bíi ti Rọ́ṣíà, tí oyún tiwọn máa ń tó ọjọ́ 18 sí 22, tún lè gboyún mìíràn lọ́jọ́ tí wọ́n bá bímọ gan-an.

Oúnjẹ rẹ̀ ti tẹ́lẹ̀ náà ni, ẹ kàn bù ú kó pọ̀ sí i. Ẹ fi ẹyin sísè díẹ̀ kún un, tó ìwọ̀n èékánná àtàǹpàkò, tàbí ẹran adìẹ tí ẹ fi omi lásán sè. Mo ní omi lásán: kò sí iyọ̀, kò sí Maggi, kò sí àlùbọ́sà, kò sí ata. Ọ́ọ̀tì gbígbẹ náà dára. Dòdò kì í jẹ dòdò, bí àwọn ọmọ bá tilẹ̀ bẹ̀ yín. Omi kò gbọ́dọ̀ tán nínú ìgò rẹ̀, torí ebi àti òùngbẹ wà lára ohun tó ń mú kí ìyá pa ọmọ jẹ.

Òru ló sábà máa ń bí. Ẹ lè jí kí ẹ máa gbọ́ ohùn tín-ín-rín lábẹ́ tíṣù. Wọ́n máa ń tó mẹ́rin sí méjìlá, pupa, láìnírun, ojú dí, etí dí, tí ẹyọ kan kò wúwo ju gíráàmù 2 sí 3 lọ, síbẹ̀ eyín ti wà lẹ́nu wọn. Ohun tó wá le fún ọmọ Yorùbá rèé. Nílẹ̀ wa, bí ẹnì kan bá bímọ, a ó lọ kí i kú ewu, a ó gbọ́mọ jó, lọ́jọ́ kẹjọ a ó tún padà wá jẹun ìkómọ. Abiyamọ yìí ò fẹ́ àlejò. Kò fẹ́ kí ẹ ṣí ìtẹ́ wò, kò fẹ́ kí ẹ kà wọ́n. Bí ẹ̀rù bá bà á, ó lè pa wọ́n jẹ, bó sì ṣe wà láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní 1930, onímọ̀ ẹranko kan tó ń jẹ́ Israel Aharoni, láti Yunifásítì Hébérù ní Jerúsálẹ́mù, mú kí wọ́n wú ìyá kan àti ọmọ 11 jáde nínú ilẹ̀ nítòsí Aleppo ní Síríà. Bí wọ́n ṣe kó wọn sínú àpótí, ìyá náà pa ọ̀kan nínú ọmọ rẹ̀. Inú ìdílé yẹn ni èyí tó pọ̀ jù nínú hamster Síríà tó wà nínú ilé àwọn èèyàn lónìí ti ṣẹ̀ wá.

Fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ gbé oúnjẹ sílẹ̀, ẹ pààrọ̀ omi, ẹ jáde. Bí ẹ bá rí i tó kó ọmọ sínú àpò ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ẹ̀yin ni ẹ dẹ́rù bà á, ẹ kúrò níbẹ̀. Bí ọmọ kan bá wà níta ìtẹ́, ẹ dúró ná, ìyá rẹ̀ á wá gbé e. Bí kò bá wá, tí ọmọ náà sì ti ń tutù, ẹ mú ṣíbí tó mọ́, ẹ fi bébà inú àpótí yẹn ra á dáadáa kó lè gba òórùn ilé, kí ẹ dúró títí ìyá á fi lọ jẹun, kí ẹ wá fi ṣíbí dá ọmọ padà. Ẹ má fi ọwọ́ gbé e. Bí iye wọn bá dín kù, ẹ má wá èyí tó sọnù kiri. Ẹ sọ òtítọ́ fún àwọn ọmọ yín lọ́rọ̀ kúkúrú, kí ẹ jẹ́ kó tán síbẹ̀. Tiwa jẹ́ mẹ́jọ, a ò sì mọ iye yẹn títí wọ́n fi jáde fúnra wọn.

Tó bá fi máa tó ọ̀sẹ̀ kan, irun ti ń hù. Láàárín ọjọ́ 7 sí 10, wọ́n á ti máa wọ́ jáde wá jẹ oúnjẹ, ojú wọn á sì ṣì wà ní dídí. Ẹ fi kùkúńbà tín-ín-rín síbẹ̀ fún wọn, kí ẹ sì fa ẹnu ìgò omi wálẹ̀. Ẹ má gbé abọ́ omi síbẹ̀, wọ́n lè kú sínú rẹ̀. Ojú á là ní nǹkan bí ọjọ́ 14. Ìgbà yẹn lẹ lè palẹ̀ díẹ̀ mọ́, kí ẹ fi ìtẹ́ sílẹ̀, kí àwọn ọmọ yín sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ kàn wọ́n díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ìyá bá ń jẹ ẹyin rẹ̀ lọ́wọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 3 wọ́n ti ń bọ́ lẹ́nu ọmú.

Àṣìṣe tó bí gbogbo èyí ni ẹ kò gbọ́dọ̀ tún ṣe nísinsìnyí. Wọn kò gbọ́dọ̀ pé ọ̀sẹ̀ 4 kí ẹ tó ya akọ sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ abo, títí kan ìyá wọn. Ẹ gbé ọmọ kan sínú ike tó mọ́ gaara, irú èyí tí wọ́n fi ń di jọ̀lọ́ọ̀fù fún yín lóde àríyá, ẹ gbé ike náà sókè, kí ẹ wò ó láti ìsàlẹ̀. Ihò méjì ló wà lábẹ́ ìrù. Lára abo, wọ́n sún mọ́ra débi pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn, ọmú á sì tò ní ìlà méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ikùn. Lára akọ, àlàfo wà láàárín ihò méjèèjì. Ẹ má wo ẹyọ kan kí ẹ dájọ́, ẹ gbé méjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Bó bá ṣì ń dà yín láàmú, ẹ kó gbogbo wọn lọ bá dókítà. Tó bá fi máa tó ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, kálukú gbọ́dọ̀ ní ilé tirẹ̀. Ọmọ ìyá kan náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ja ìjà àjàkú.

Ìgbẹ́ gbuuru ni kí ẹ máa ṣọ́ ní àkókò yìí. Bí ìrù ọmọ kan bá tutù, tó ń rùn, tó sì ká jọ síbì kan, ọjọ́ yẹn gan-an ni kó rí dókítà. Ó lè kú láàárín ọjọ́ kan sí méjì.

Ẹ ti máa wá ẹni tó máa gbà wọ́n kí wọ́n tó dàgbà. RSPCA àti Blue Cross, àwọn ẹgbẹ́ tó ń ṣàánú ẹranko, máa ń bá irú wọn wá ilé. Òbí ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀, ẹ má fi rán ọmọ sí ọmọ ní iléèwé: òfin ọdún 2006 lórí ìtọ́jú ẹranko ní England àti Wales kò gbà kí wọ́n ta ẹran fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16. Ẹ̀gbọ́n kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa béèrè lọ́wọ́ mi bóyá wọ́n ṣeé fi se ẹ̀fọ́. Mi ò fún un. Ẹni tó bá gbà á, ẹ bu oúnjẹ tó ti ń jẹ tẹ́lẹ̀ tó máa tó o lò fún ọ̀sẹ̀ kan fún un, kí ẹ sì fi ẹ̀kúnwọ́ kan nínú bébà ibùsùn rẹ̀ sí i.