Àyẹ̀wò Jẹjẹrẹ: Ẹ Má Dúró Dìgbà Tó Bá Dùn Yín
Fún àwọn ìdílé àgbẹ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ àti agbègbè rẹ̀

Ikú ìyá ẹlẹ́gàrí kan nínú ẹgbẹ́ wa ló mú ìwé yìí jáde. Jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ ni. Nǹkan oṣù rẹ̀ ti dá tipẹ́, ẹ̀jẹ̀ tún ń wá, àgbo ló ń mu sí i.

Ní gbogbo ìpàdé, ọ̀rọ̀ kan náà là ń gbọ́ lẹ́nu àwọn obìnrin: "Kò síbi tó ń dùn mí." Ẹni tí kò síbi tó ń dùn ún gan-an ni àyẹ̀wò wà fún! Ta ló ń dúró kí ìyẹ̀fun kún ìdí àpò ẹ̀wà kó tó ṣí i wò? Jẹjẹrẹ yìí lè fi ọdún 15 sí 20 rìn lábẹ́lẹ̀ láìdunni.

Obìnrin tó bá ti pé ọdún 30, kó lọ ṣe àyẹ̀wò ẹnu ilé-ọmọ. Ẹni tó ní kòkòrò HIV, ọdún 25 ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Tó bá ku ọjọ́ 2 kó lọ, kó má bá ọkọ sùn, kó má ki oògùn tàbí omi ọṣẹ sí ojú ara. Kó má lọ nígbà nǹkan oṣù. Nọ́ọ̀sì á fi òwú tó rẹ sínú fínígà kan ẹnu ilé-ọmọ, á dúró fún ìṣẹ́jú 1, á wá wò ó bóyá ibì kan funfun. Ojú ẹsẹ̀ lèsì ń jáde. Tó bá mọ́, lẹ́yìn ọdún 3 ni kó tún padà wá. Tó bá jẹ́ àyẹ̀wò HPV, ìyẹn kòkòrò tó ń fa jẹjẹrẹ yìí, lẹ́yìn ọdún 5 sí 10 ni, fún ẹni tí kò ní HIV. Ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dá, HPV ni kó béèrè. Ti fínígà kò bá a mu mọ́.

Bí wọ́n bá jó ibi funfun náà láti tọ́jú rẹ̀, ọ̀sẹ̀ 4 ni kò gbọdọ̀ bá ọkọ sùn. Ẹ̀yin ọkọ, ọ̀sẹ̀ 4 la wí, kì í ṣe ọjọ́ 4. Ẹ má sì jẹ́ kí owó ọkọ̀ dá ìyàwó yín dúró nílé.

Kókó nínú ọyàn, ẹ má fi ṣeré. Ọkùnrin tó ti lé lógójì, kó bi dókítà nípa PSA, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń wá jẹjẹrẹ prósítéètì, ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀. Àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14, abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV 1 péré ni, ọ̀fẹ́ ni. Ọdún 2023 ni ìjọba Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ẹ béèrè ní ilé-ìwòsàn ìjọba tó sún mọ́ yín, tàbí ní ilé-ìwòsàn Bowen tàbí ti LAUTECH. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti ń dà lára rẹ̀ lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dá, kó má dúró de ìpàdé tó ń bọ̀: kó lọ lónìí, kó sì fi àgbo sílẹ̀.