Ẹni Tí Mo Fi Sùn Ni Wọ́n Ní Kó Wá Wádìí Ara Rẹ̀

₦45,000 ni akọ̀wé ìjọba kan gbà lọ́wọ́ mi lórí ìwé ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ta àdìrẹ n'Ítòkú, l'Ábẹ́òkúta. Rìsíìtì tó já fún mi, ₦15,000 péré ló wà nínú rẹ̀. Mo bi í léèrè ìyókù, ó ní owó iṣẹ́ ni. Iṣẹ́ wo?

Mo kọ ìwé ẹ̀sùn sí ọ̀gá wọn. Ìyẹn ò le, ọmọ mi ló bá mi tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni ìyà bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, wọn ò fọhùn. Lọ́jọ́ tí wọ́n pè mí, mo wọ aṣọ òde lọ. Mo wọlé, ta ni mo bá nídìí tábìlì? Akọ̀wé ọ̀hún! Ìwé mi wà níwájú rẹ̀, ó ti fi báírò pupa fa ìlà sábẹ́ orúkọ ara rẹ̀.

"Ẹ jókòó, Màmá. Èmi ni wọ́n ní kí n wádìí ọ̀rọ̀ yìí."

Ó ní ṣé mo ní ẹlẹ́rìí. Mo ní, "Ṣebí ìwọ náà wà níbẹ̀?" Kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tó ṣe, lẹ́tà dé: wọ́n ti wádìí, kò sẹ́ni tó jẹ̀bi. Òun fúnra rẹ̀ ló tọwọ́ bọ̀ ọ́! Mẹ́sẹ́ńjà ibẹ̀ ló là mí lójú pé ọ̀gá ò ka ìwé ẹ̀sùn mi rárá. Ohun tó bá ti kan ìwé ṣọ́ọ̀bù, tábìlì akọ̀wé yẹn ni wọ́n ń darí fáìlì rẹ̀ sí. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Tèmi tún burú jù ú lọ: olùjẹ́jọ́ ló gúnwà sórí àga adájọ́.

Mo wá gba ọ̀dọ̀ Public Complaints Commission lọ, àjọ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn aráàlú, èyí tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1975. Wọn kì í gba kọ́bọ̀. Lọ́yà àdúgbò wa fi hàn mí nínú òfin ilẹ̀ wa ti 1999 pé òṣìṣẹ́ ìjọba ò gbọdọ̀ fi ara rẹ̀ sípò tí ire tirẹ̀ yóò ti forí gbárí pẹ̀lú iṣẹ́ rẹ̀. Òun ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ìwé mi, mo sì kọ ọ́ gàdàgbà pé kí ẹni tí mo fi sùn má fọwọ́ kàn án. Mo ní kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tèmi. N ò ṣe bẹ́ẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, ìwà òmùgọ̀ mi nìyẹn.

₦30,000 mi padà lóṣù kejì. Owó ọkọ̀ àti fọ́tókọ́pì tí mo ná ti lé ní ₦11,000, ta ni yóò san ìyẹn? Akọ̀wé náà ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Bó bá gba Ìtòkú kọjá, á ní, "Màmá, ẹ kú ọjà." Mo máa ń dá a lóhùn. Àmọ́ bó bá ná àdìrẹ, n kì í dín kọ́bọ̀ fún un.