Oko Tó Bá Bárékè Pààlà

Ìwé ìtọ́sọ́nà fún àgbẹ̀ àti onílé ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Pèrègún ni àwọn bàbá wa gbìn sí ààlà, gbogbo ẹbí sì mọ̀ pé ibẹ̀ ni ilẹ̀ parí sí. Sójà kò mọ pèrègún. Pílà oníkọnkéré tó ní nọ́ńbà lórí ló mọ̀, àti àwòrán ilẹ̀ tó wà nínú fáìlì. Níbi tí pèrègún yín àti pílà wọn kò bá ti bára mu ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ lọ wò ó kí ẹ tó gbin obì tàbí kòkó síbẹ̀. Ẹ̀gẹ́ ṣeé hú. Obì tó ti ń so kò ṣeé kó lọ.

Ìrìn ààlà

Ẹ má dá lọ o. Kí Baálẹ̀ tàbí Olórítún kọ lẹ́tà sí ọ̀gá bárékè, kí ẹ̀dà kan lọ sí káńsù, kí wọ́n sì lu òǹtẹ̀ sí i. Lọ́jọ́ náà, ẹ mú awọnlẹ̀ tó ní ìwé àṣẹ, àgbà tó mọ ààlà, àti obìnrin kan tó ń dáko níbẹ̀. A sábà máa ń gbàgbé obìnrin, bẹ́ẹ̀ àwọn ló mọ gbogbo ojú odò. Ẹ kọ nọ́ńbà pílà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ya fọ́tò, ẹ kọ́kọ́ gbàṣẹ kí fóònù tó jáde lápò.

Ẹ fi odò, ọ̀nà oko àti igbó Orò hàn nínú àwòrán náà. Ẹ má gbàgbé ọ̀nà Agẹmọ: kí bárékè ti mọ ọjọ́ rẹ̀ ṣáájú, kí obìnrin tó jẹ́ sójà má lọ pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà.

Ọjọ́ ìyìnbọn

Ọta ìbọn ológun lè rìn ju kìlómítà 2 lọ. Nítorí náà, ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n ń kọ́ṣẹ́ àti àmì tí wọ́n ń gbé sókè, kí ẹ sì kéde rẹ̀ ní ọjà, ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní mọ́sálásí. Bí ọkọ́ bá kan irin àjèjì nínú ebè, ẹ má gbé e, ẹ má tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Ẹ padà gba ipasẹ̀ tí ẹ gbà wọlé, ẹ fi ewé sàmì sójú ọ̀nà lókèèrè, kí ẹ lọ sọ fún sójà tàbí ọlọ́pàá. Lọ́gbẹlẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má dáná sungbó nítòsí ògiri wọn.

Àwọn tó ń ta pulọ́ọ̀tì mọ́ ara bárékè ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ní ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 2002, ilé ìkó-bọ́ǹbù gbaná ní bárékè Ìkẹjà, láàárín ilé tó há mọ́ra. Ẹni tó kú lé ní 1,000. Ọ̀pọ̀ wọn ń sá lóru ni wọ́n já sínú kánáàlì ní Òkè-Àfà. Oko àti igbó ló yẹ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ irú ibẹ̀. Kí ìlú fohùn ṣọ̀kan lórí èyí, kí ẹ sì kó o lọ bá àwọn aṣètò ìlú ní káńsù kí àwọn ọmọ onílẹ̀ tó gé e tà.

Bí wọ́n bá fẹ́ gba ilẹ̀

Ọ̀gá bárékè kò lè fẹnu lásán gba oko yín. Nínú Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978, bí ìjọba àpapọ̀ bá nílò ilẹ̀, gómìnà ló ń fagi lé ẹ̀tọ́ yín, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fún yín níwèé. Owó gbà-má-bínú wà fún irè oko, ilé àti iṣẹ́ tí ẹ ṣe sórí ilẹ̀. Fún ilẹ̀ lásán, kò ju owó ilẹ̀ tí ẹ san lọ́dún tí wọ́n gbà á lọ. Ẹ ka igi yín nísinsìnyí, ní oko kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ orúkọ ẹni tó gbìn wọ́n, títí kan àlejò tó yá ilẹ̀ dáko, nítorí gómìnà lè ní kí wọ́n san owó gbà-má-bínú ilẹ̀ ìlú fún olóyè tàbí olórí kan ṣoṣo. Ẹ̀dà kan lọ́wọ́ akọ̀wé, ẹ̀dà kejì lọ́dọ̀ ọmọ yín tó ń gbé ìgboro, níbi tí ikán kò ti ní rí i jẹ.