Kí Àwọ̀ Má Tán Níwájú Ilé Wa Nígbà Ọyẹ́: Ìwé Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Ará Ilé ní Èkìtì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú àmójútó ilé. Bí òjò àrọ̀kúrò bá ti rọ̀ tán ní Èkìtì, àyíká ilé tó ti tutù minimini láti oṣù Karùn-ún á bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ. Koríko á rọ, ọyẹ́ á da eruku bo ewé. Ìgbà yẹn gan-an sì ni àwọn ọmọ ń ti Èkó àti Àbújá bọ̀ wá ṣe Kérésì nílé. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí ilé tí wọ́n kọ́ dáadáa, tí iwájú rẹ̀ wá gbẹ táútáú. Ohun ọ̀gbìn tí ẹwà tirẹ̀ kì í yọ àfi ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ẹ sì lè tọrọ ẹ̀ka rẹ̀ lọ́dọ̀ aládùúgbò láìná kọ́bọ̀.

Ohun kan ni kí ẹ kọ́kọ́ dì mú. Òùngbẹ àti òru gígùn ló ń mú àwọ̀ àkókò yìí jáde. Ẹni tó bá ń bomi rin òdòdó láàárọ̀ lálẹ́, tó tún tan iná lé e lórí mọ́jú, ewé tútù nìkan ni yóò máa rí.

Poinsettia, èyí tó ń pọ́n ní Kérésì

Mo gbin ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ géètì mi. Odindi ọdún 2, kò pọ́n. Mo kó ìgbẹ́ adìyẹ sí i nídìí, mo ń bomi sí i, kàkà kó pọ́n, gíga ló ń ga. Ọdún kẹta ni mo tó rí i pé ẹ̀ka kan tó yà sẹ́yìn ògiri, níbi tí iná sẹkúrítì kì í dé, ti pọ́n fòò. Gbogbo èyí tó kọjú sí gílóòbù ṣì wà bí ewé ẹ̀gẹ́. Iná ni kò jẹ́ kí wọ́n pọ́n.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Láti ìparí oṣù Kẹsàn-án ni òru ti ń gùn ju ọ̀sán lọ lọ́dọ̀ wa. Òkùnkùn yẹn ni poinsettia ń dúró dè. Bí òru bá gùn tó, tí ìmọ́lẹ̀ kò sì já a láàárín, ewé òkè rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí pa àwọ̀ dà. Ó ń gbà tó ọ̀sẹ̀ 8 sí 10 kó tó pọ́n délẹ̀. Nítorí náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá, ẹ yí gílóòbù kúrò lórí rẹ̀, tàbí kí ẹ gbìn ín sí ẹ̀yìn ilé níbi tí ilẹ̀ ti ń ṣú dáadáa. Bí ẹ bá fẹ́ gé orí rẹ̀ kó lè yọ ẹ̀ka púpọ̀, ẹ má jẹ́ kó kọjá ìparí oṣù Kẹjọ. Ẹni tó bá gé e ní oṣù Kọkànlá ti gé Kérésì rẹ̀ dànù.

Ẹ tẹjú mọ́ ọn nígbà tó bá pọ́n. Ewé ni nǹkan pupa yẹn. Òdòdó rẹ̀ gan-an ni àwọn kóró wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ìyeyè tó ṣù jọ sí àárín. Oje funfun ń jáde lára rẹ̀ bí ẹ bá ṣẹ́ ẹ. Ẹ fọ ọwọ́, ẹ má fi kan ojú, ẹ sì kìlọ̀ fún àwọn ọmọdé.

Bougainvillea, òdòdó ẹlẹ́gùn-ún tó ń gun ògiri

Bákan náà ni tiẹ̀ rí. Ewé mẹ́ta fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi bébà ló pa àwọ̀, òdòdó funfun bíńtín sì wà nínú wọn. Ẹ fún un ní oòrùn láti àárọ̀ di alẹ́, kí ẹ sì jẹ́ kí òùngbẹ gbẹ ẹ́ díẹ̀. Bó bá wà nínú ìkòkò, ẹ ki ìka bọ ilẹ̀ dé oríkèé kejì. Bí ilẹ̀ bá ṣì tutù níbẹ̀, ẹ má bomi sí i. Ẹ̀gún rẹ̀ mú, ẹ jẹ́ kó jìnnà sí ibi tí àwọn ọmọ ti ń ṣeré. Lórí ògiri, ó dára gan-an.

Èyí tó wà nínú oko wa tẹ́lẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé àfi ohun tí a bá rà ló lẹ́wà. Ìṣápá pupa kò kéré. Òun náà ń dúró de òru gígùn, ìdí nìyẹn tí èyí tí a gbìn ní oṣù Karùn-ún àti èyí tí a gbìn ní oṣù Kẹjọ fi máa ń tanná ní nǹkan bí àkókò kan náà. Ṣùgbọ́n èyí tó pẹ́ á kúrú, èso rẹ̀ kò sì ní pọ̀. Ẹ tètè gbìn ín. Nígbà tó bá sì so, ẹ já a nígbà tí kóró inú rẹ̀ ṣì tutù. Pupa fún zobo, funfun fún ọbẹ̀, ẹ gbin méjèèjì.

Ṣọkọ yòkòtò ńkọ́? Bí ẹ bá ń já gbogbo rẹ̀ tán, ẹ kò ní rí ẹwà rẹ̀. Ẹ fi igi 5 tàbí 6 sílẹ̀ láìjá. Orí wọn á yọ ṣùkú bí ìrù, á pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, á sì máa dán bíi fàdákà. Bó bá ti gbẹ, ẹ gbọn ọ́n sórí àwo funfun, kóró dúdú wẹ́wẹ́ tó ń dán á dà sílẹ̀ wìrìwìrì. Irúgbìn ọdún tó ń bọ̀ nìyẹn.

Akòko, tí a mọ̀ mọ́ oyè jíjẹ, máa ń yọ òdòdó aláwọ̀ àlùkò fẹ́ẹ́rẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ gé igi rẹ̀, ẹ rì í mọ́lẹ̀ nígbà òjò, yóò hù.

Òdòdó aláwọ̀ ìyeyè tó ń bo ẹ̀bá títì wa ní oṣù Kẹwàá àti Kọkànlá, tó jọ sunflower, ilẹ̀ Mẹ́síkò ló ti wá. Ó lẹ́wà lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n ẹ má gbìn ín sílé, yóò gba gbogbo ilẹ̀. Ẹ gé e kó tó so kóró, ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ wú u mọ́ ilẹ̀ ebè. Ewé rẹ̀ tètè ń jẹrà, ajílẹ̀ gidi ni.

Igi fúrúùtù

Igi tí àwọn kan ń pè ní almond yìí ni mo fẹ́ràn jù. Lójú ẹ̀ẹ̀rùn, kí ewé rẹ̀ tó rẹ̀ sílẹ̀, á pọ́n bí epo. Ẹ mú ọ̀kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já, ẹ ó rí i pé iṣan àárín rẹ̀ ṣì tutù nígbà tí gbogbo etí rẹ̀ ti pupa. Igi ńlá ni, ẹ jẹ́ kó jìnnà sí ògiri tó ẹsẹ̀ bàtà 30. Ẹ má dáná sun ewé tó bá já, iná ọyẹ́ kì í gbọ́ràn. Ẹ kó o sí ìdí àwọn òdòdó yòókù, kó máa dá omi dúró nílẹ̀, ṣùgbọ́n kó jìnnà sí igi wọn ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, nítorí ikán.

Ìgbà iṣẹ́

Ẹ̀yin ará Ọ̀tùn àti Ìkọ̀lé, òjò tètè ń dá lọ́dọ̀ yín ju ti Ìkẹ́rẹ́ lọ. Ẹ parí gbígbìn kí oṣù Kẹjọ tó tán. Ìkẹ́rẹ́ àti Ìsẹ̀ lè lo oṣù Kẹsàn-án pẹ̀lú. Nígbà ọyẹ́, ẹ wọ́n omi sórí ewé lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ kí eruku lè kúrò.

Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti dé ní oṣù Kẹta, ẹ gé poinsettia dé orúnkún. Ẹ gé ẹ̀ka rẹ̀ ní gígùn àtẹ́lẹwọ́ kan àtààbọ̀, ẹ tẹ́ ẹ síbi òjìji ní ọjọ́ kan kí oje rẹ̀ gbẹ, kí ẹ tó gún un mọ́lẹ̀ ní oríkèé 2 tàbí 3. Ẹ fún aládùúgbò ní èyí tó bá ṣẹ́kù.