Bí a ṣe ń kọ mẹ́sééjì tí kọ́sítọ́mà á fi tètè san báláǹsì

Ẹ̀yin tá a jọ ń tajà, ọ̀pọ̀ owó tó há sọ́wọ́ kọ́sítọ́mà kì í ṣe pé wọn ò fẹ́ san án, mẹ́sééjì tá a fi ránṣẹ́ ni ò yé wọn. Adìrẹ ni mò ń tà n'Ítòkú, l'Abẹ́òkúta, bí mo ṣe ń kọ tèmi nìyí.

Kẹ́ ẹ tó tẹ ohunkóhun, ẹ mú nǹkan kan ṣoṣo tẹ́ ẹ fẹ́ kí ẹni náà ṣe. Ṣé kó sanwó ni àbí kó wá mú àwọ̀ aṣọ tó fẹ́? Ẹ mú ọ̀kan, èkejì lè dúró dọ̀la. Ẹ̀yìn rìsíìtì ni mo máa ń kọ ọ́ sí kí n tó mú fóònù.

Ìkíni ò le, ìlà kan ti tó. Ẹ má kàn fi "Ẹ káàárọ̀ mà" nìkan ránṣẹ́ kẹ́ ẹ wá jókòó máa retí èsì.

Ibi tó ń da gbogbo èèyàn láàmú ni ibi tá a ti fẹ́ béèrè owó gan-an. Ojú máa ń tì wá, a ó wá máa yí ọ̀rọ̀ po: "ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú, mo ní kí n rán yín létí ọ̀rọ̀ yẹn." Ọ̀rọ̀ wo? Ẹni tó rajà lọ́wọ́ èèyàn mẹ́ta, báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀? Obìnrin kan tí ìsọ̀ rẹ̀ kángun sí tèmi fi àdúrà gígùn bẹ̀rẹ̀ mẹ́sééjì ẹ̀, owó wá wà nísàlẹ̀ pátápátá, bẹ́ẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ mẹ́sééjì nìkan ló máa ń yọ lójú fóònù. Kọ́sítọ́mà yẹn fèsì "Àmín o, ẹ ṣé mà." Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, kò tíì mọ̀ pé wọ́n béèrè owó lọ́wọ́ òun.

Torí náà, iye owó àti ọjà tó jẹ́ tiẹ̀ ló gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ìkíni, kí ọjọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ gbà á náà hàn. Ẹ má sọ pé wọ́n fẹ́ lé ọmọ yín nílé ìwé, òun náà ní ọmọ. Ohun tó máa ṣe é láǹfààní ni kẹ́ ẹ sọ. Ẹ wo èyí:

"Ẹ káàsán, Màmá Títí. Báláǹsì adìrẹ yáàdì 10 yín ku ₦18,500. Aṣọ ti gbẹ, mo ti ká a sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá san án l'Ọ́jọ́bọ̀, télọ̀ yín á rí i gbà l'Ẹ́tì, á sì ní ọ̀sẹ̀ méjì gbáko láti fi rán an kí ìnáwó tó dé."

Orúkọ báǹkì àti orúkọ àkáǹtì lè wà nísàlẹ̀ ìyẹn, ṣùgbọ́n nọ́ńbà àkáǹtì, fígọ̀ mẹ́wàá ẹ̀ péré, ẹ fi ránṣẹ́ lọ́tọ̀, kó lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó sì kọ́pì ẹ̀ wéré.

Ẹni tí ò ní dátà, tẹ́ẹ̀sì lásán ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí i, ẹ má sì fi àmì sórí ọ̀rọ̀ níbẹ̀, torí àmì yẹn máa ń sọ tẹ́ẹ̀sì kan tó ń gba lẹ́tà 160 di 70, ẹ ó wá sanwó méjì mẹ́ta fún ọ̀rọ̀ kan. Èmi ò fẹ́ràn voice note fún ọ̀rọ̀ owó, ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ọ́fíìsì ò lè gbọ́ ọ, tó bá sì di dandan, ẹ tẹ iye owó sábẹ́ ẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ kà á sókè fún ọmọ iṣẹ́ yín. Tí ò bá lè sọ iye owó àti ọjọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ tún un kọ. Tẹ́ ẹ bá ti fi ránṣẹ́ tán lórí WhatsApp, ìṣẹ́jú 15 lẹ ní láti fi tún àṣìṣe ṣe.

Tó bá pé ọjọ́ méjì tẹ́ ẹ ò gbọ́ nǹkan kan, ẹ má fi mẹ́sééjì yẹn kan náà ránṣẹ́ mọ́, ẹ pè é láàárọ̀ kí ọjà tó kún.