Bí fọ́tò ìyàwó tó ń jó ṣe bọ́ lọ́wọ́ bàìbàì

Nínú gbọ̀ngàn ìgbéyàwó kan, gbogbo fọ́tò ìgbà tí ìyàwó ń jó wọlé ló ṣe bàìbàì. Ó dùn mí gan-an, torí ìyàwó kì í wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Mo kọ́kọ́ rò pé lẹ́ńsì ló bàjẹ́. Ìgbà tí mo yẹ àwọn fọ́tò náà wò dáadáa ni mo rí i pé 1/40 ìṣẹ́jú-àáyá ni kámẹ́rà ń yàn fún ìyára, ìyẹn bí ojú rẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó ní ṣíṣí. Orí ipò A ni mo fi kámẹ́rà sí, èyí tí Canon ń pè ní Av: èmi yan f/4, ìyẹn bí ihò lẹ́ńsì ṣe fẹ̀ tó, òun ń yan ìyára. Iná ibẹ̀ kò tó, ló bá ń dín ìyára kù. Ẹni tó jókòó lè gbà á. Ẹni tó ń jó kò lè gbà á.

Níbi òde tó tẹ̀ lé e, mo yí i sí S, Tv lórí Canon, níbi tí èmi ti ń yan ìyára; mo yan 1/250, mo sì jẹ́ kí ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń fi ìmọ́lẹ̀ kún fọ́tò, máa gòkè fúnra rẹ̀ dé 6400. Ẹsẹ̀ oníjó hàn ketekete. Fọ́tò ní hóró díẹ̀ bí iyanrìn, ṣùgbọ́n mo fara mọ́ ìyẹn.

Léèsì funfun ṣì ń tan kámẹ́rà jẹ, ó ń rò pé iná ti pọ̀ jù, ojú àwọn èèyàn ń ṣókùnkùn. Mo fi +0.7 kún ìmọ́lẹ̀ fọ́tò. Fún fọ́tò ẹbí níta, mo padà sórí A, f/8, ihò tó kéré ju f/4 lọ, kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè hàn ketekete.