Sùyà jíjẹ n'Ífẹ̀, bó ṣe yẹ kẹ́ ẹ ṣe é

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ jẹ sùyà gidi n'Ífẹ̀, ẹ jẹ́ kílẹ̀ ṣú díẹ̀ ná kẹ́ ẹ tó gba Sábó tàbí Lágere lọ. Ẹ má kàn gba èyí tó ti tutù sílẹ̀ o, ẹ ní kí àbókí tún gbé e sórí iná, kẹ́ ẹ máa gbọ́ bí ọ̀rá ẹ̀ ṣe ń ta sórí èédú, kó tó gé e wẹ́wẹ́ sínú bébà pẹ̀lú àlùbọ́sà. Ẹ sọ iye tẹ́ ẹ fẹ́ rà kó tó fọ̀bẹ kàn án. Yájì tí wọ́n ń bù wọ́n sùyà yẹn, kúlíkúlí tí wọ́n lọ̀ mọ́ ata àti atalẹ̀ ni, ẹni tí ẹ̀pà ò bá lára mu kó yáa sá. Asun ńkọ́? Ewúrẹ́ nìyẹn, ata ẹ̀ kì í ṣeré rárá.